Orúkọ Tí A Fi Ń Pe Ọmọ Nínú Igbó

Nígbà tí èmi kéré bíi Dára tó jókòó yìí, kò sẹ́ni tó ń ra bàtà fún ọmọ nítorí àtiwọ igbó. Bàtà kẹ̀? Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún wa náà là ń gbé lọ. Bọ́lá, ṣé fóònù ẹ yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Wálé ò tíì ṣetán, mo ṣì ń gbọ́ ọ níta níbi tó ti ń yẹ mọ́tò wò. Ẹ ò ní jáde nílé yìí láìgbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àyà mi ń já, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti àná tí Wálé ti ní òun tún ń kó yín lọ sórí òkè yẹn ni oúnjẹ ò ti wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ló mú mi mọ igbó. Nígbà òjò, tí èso igi òrí bá ń já, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí a ó ti gbé agbọ̀n. Òrí tí ẹ máa ń rí tí mo fi ń para yìí, inú kóró èso yẹn ló ti ń wá. Àwa ọmọdé á jẹ ẹran ara èso náà, ó dùn bí... kí ni kí n tiẹ̀ fi wé? Ẹ̀yin ò mọ̀ ju súìtì lọ. Àwọn àgbà á kó kóró lọ sílé, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á lọ̀ ọ́... Áà, iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ n padà sójú ọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́. Tí a bá dénú igbó, a kì í ṣù jọ. Kálukú á gba abẹ́ igi tirẹ̀ lọ. Koríko ga ju ọmọdé lọ, o ò ní rí ẹnì kejì rẹ. Ohùn nìkan la fi ń mọ ibi tí ara wa wà. Ìyá bàbá mi á dúró létí igbó, á di etí mi mú. Kò ní fà á o, á kàn dì í mú. Á ní, "Ṣadé, orúkọ tí mo pè ọ́ yìí, ilé ló mọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ ní Ṣadé nínú igbó, má dáhùn. Ì báà jẹ́ ohùn mi lo gbọ́, má dáhùn. Àwẹ̀ró ni n ó pè ọ́. Àwẹ̀ró nìkan."

Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Gbogbo ọjà ló mọ Ṣadé. Ta ló mọ Àwẹ̀ró, bí kò ṣe ẹni tó ni ọ́?"

Àwọn èèyàn rò pé òní ni gbọ́mọgbọ́mọ bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni! Ó wà láyé ìgbà yẹn, kò kàn pọ̀ tó báyìí ni. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, mò ń ṣa èso, ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan pè, "Ṣadé! Ṣadé o!" Ohùn obìnrin ni. Ohùn náà dùn, bíi pé ó fẹ́ fún mi ní nǹkan. Mo ti lanu tán kí n dáhùn kí n tó rántí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú koríko. Èèrà ń ta mí, mi ò mira. Ó pè, ó pè, ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá bàbá mi tó ké láti òkèèrè, "Àwẹ̀ró o!" Mo ní, "Hóò!" Mo sáré, mo lọ rọ̀ mọ́ ọn nídìí. Ta ló pè mí? Títí dòní mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń wá ọmọ tirẹ̀ ni, Ṣadé ò kúkú ṣọ̀wọ́n nílùú. Ìyá bàbá mi wo inú agbọ̀n mi, ó ní èso tí mo ṣà kò tó nǹkan.

Wálé tí mo bí wá ńkọ́? Àbújá ló dàgbà sí, inú báńkì ló ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ń wo fóònù jù, òun fẹ́ máa mú wọn rìn nínú igbó. Ó ra bàtà, ó ra báàgì, ó ra ìgò omi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí wọ́n ń nà wá lé lórí tí a bá kọ̀ láti ṣe é, ẹ̀yin wá sọ ọ́ di fàájì! Ṣùgbọ́n inú mi dùn o. Ọmọ tí kò bá mọ igbó, ẹ̀rù igbó ni yóò máa bà á títí ayé. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èmi ni pé Àbújá yìí kì í ṣe Ṣakí. Ejò là ń sá fún nígbà tiwa. Báyìí, èèyàn ni. Ẹ tan rédíò, kí lẹ máa gbọ́? Wọ́n gbé eléyìí lójú ọ̀nà, wọ́n gbé tọ̀hún lóko. Ẹ tún wo Mpape níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ wo irú kòtò tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fi pe Dára wọ kíṣìnì kí wọ́n tó lọ níjọ́sí, tí mo di etí rẹ̀ mú, tí mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi fún un. Mo sọ nípa èso òrí náà fún un. Wálé gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ mi. Ayé ti yí padà." Kò bi mí pé kí ni oríkì ọmọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibẹ̀ yẹn.

Òkè tó wà lẹ́yìn Orozo, lápá Karshi, ni wọ́n lọ, òun àti Dára nìkan. Ibà ń ṣe Fìyìn yìí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lọ́jọ́ yẹn. Àfi bí Dára ṣe rí igi òrí! Èso ti já kún abẹ́ rẹ̀. Ọmọ dúró sẹ́yìn, ó ń ṣà á sínú fìlà. Bàbá rẹ̀ ti yí àpáta kan kọjá, ó rò pé ó ń tẹ̀ lé òun. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó bá figbe ta. "Dára! Dára!"

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. "Mọ́mì, mi ò rí Dára." Ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo ní kí ló wí? Ó ní òun ti pè é títí, ọ̀fun òun ti ń dùn òun, ìyá kan tó ru igi sí èjìká ń kọjá, òun bi í, ìyá náà ò rí i. Mo ní, "Kí lo ń pè é?" Ó ní, "Dára ni! Kí ni n bá tún pè é?" Mo ní, "Wálé, pe oríkì rẹ̀."

Ó dákẹ́.

Ẹ gbọ́, mo ti rí ikú ọkọ, mo ti rí oríṣiríṣi láyé yìí, ṣùgbọ́n dídákẹ́ tí Wálé dákẹ́ yẹn... "Mọ́mì, mi ò rántí." Ọmọ tó bí! Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí mò ń sọ ọ́ sí ọmọ létí, fọ́tò lòun ń yà. Mo pariwo, "Àníkẹ́! Àníkẹ́ ni! Ké e!" Mo gbọ́ ọ nínú fóònù tó ń ké, "Àníkẹ́! Àníkẹ́ o!" Kò sí nǹkan. Afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì láàárín ẹ̀wà. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ ńkọ́? Tó bá ti jìn ju ibi tí ohùn ń dé ńkọ́? Mo ní, "Má dákẹ́, Wálé, Ọlọ́run ń gbọ́, má dákẹ́!" Ó tún ké e.

Ohùn kékeré kan bá ní, "Hóò!"

Hóò ló wí o, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Inú koríko ló dùbúlẹ̀ sí. Ó ti ń gbọ́ bàbá rẹ̀ látìgbà yẹn, kò dáhùn. Bó ṣe délé, ó gbé fìlà fún mi. "Màmá, mo mú òrí wá." Kì í kúkú sọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìyẹn já gaara. Wálé ní tirẹ̀ gbaná jẹ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo nǹkan tí ẹ fà! Ọmọ mi gbọ́ ohùn mi, kò dá mi lóhùn!" Mo ní, "Tó bá jẹ́ pé ohùn rẹ kọ́ ńkọ́?" Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń fá irùngbọ̀n, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lójú dígí. Àníkẹ́... Àníkẹ́...

Ṣé èmi ló tọ̀nà àbí òun? Mo ti rò ó títí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé kí ẹ lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kí ẹ má lọ mọ́. Ó yá. Fìyìn, ọkọ mi, kí ni orúkọ rẹ nínú igbó? ...Àyìndé! O káre. Ìyá mi, ìwọ ńkọ́? ...Àníkẹ́. Ìyẹn ò lè gbàgbé láéláé. Bọ́lá, ìwọ tó o fẹ́ tẹ̀ lé wọn lónìí, tìẹ ńkọ́? ...Kí ló dé tó o ń wolẹ̀? ...O ò mọ̀ ọ́n? Ìyá ẹ tí mo bí ò sọ fún ẹ rí? Háà. Ọmọ tó ti tó ilé ọkọ lọ!

Àdùkẹ́ ni ẹ́. Èmi ni mo sọ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkànní ni bàbá àwọn ọmọ yìí tó wà níta yẹn, ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi? Ṣé ẹ rí ohun tó ń já mi láyà? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fóònù mi á dún, tí n kò ní gbé e mọ́. Ẹnì kan á wà lórí òkè, á máa pe ọmọ rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa bi léèrè oríkì rẹ̀.

Ó ti ń fọn fèrè mọ́tò. Jẹ́ kó fọn ọ́n. Má pa fóònù yẹn, Bọ́lá, jẹ́ n pè yín sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ. Àdùkẹ́ o!

...Dáhùn, ọmọ mi.