Owó Ìyàwó Mi Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, èmi ìyá bàbá yín ló ń kọ̀wé sí yín, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ̀gbọ́n yín ka ìwé yìí sókè, kí bàbá yín gbọ́, kí ìyá yín náà gbọ́. Dókítà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mo sì ti dàgbà tó láti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ ilẹ̀ lọ.

Ilé tí bàbá yín fẹ́ tà yìí, òun àti ìyá yín ni wọ́n jọ rà á. Báǹkì ló yá wọn lówó, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà nínú gbèsè náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń san án. Bí wọn ò bá san, báǹkì á gba ilé. Bàbá yín ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìyá yín ń kun ilé. Ẹ ò bá rí i nígbà yẹn! Á gun àkàbà dé abẹ́ òrùlé tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, á máa kọrin. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ní, "Ìyá Ọ̀dà, ẹ rọra o, ilẹ̀ jìnnà!" Á ní, "Ẹ fọwọ́ di àkàbà mú, ẹ fi ẹnu sílẹ̀." Bó bá kun ògiri tán, ẹ ò ní mọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá. Mo ti rí ìyàwó púpọ̀ láyé, mi ò rí irú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ẹrù já lu bàbá yín lẹ́yìn, kò sì lè wakọ̀ fún ọdún méjì. Ojú ń tì í débi pé bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á kọjú sí ògiri. Ó bi mí pé, "Màámi, ọkùnrin tí ìyàwó ń sanwó ilé fún, kí ló kù lára rẹ̀ tó ń jẹ́ ọkùnrin?" Mo sọ ọ́ fún ìyá yín, ìyàwó mi. Ó pè mí sí kíṣìnnì, ó ní, "Màámi, ọwọ́ yín ni màá máa kó owó báǹkì sí. Ẹ sọ fún un pé owó ṣọ́ọ̀bù tí ẹ tà ni. Gbígba ti ìyá kì í ti ọmọ lójú." Mo bú sẹ́rìn-ín. "Owó ṣọ́ọ̀bù wo? Èyí tó tán sórí àìsàn bàbá ọkọ rẹ?" Ó ní, "Ṣé ọmọ yín mọ̀ pé ó ti tán?" Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì sì ṣèlérí pé kò ní gbọ́ láéláé.

Ọmọ mi á gba owó náà, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sun ìta." Ẹ wò ó, ìyìn tí kì í ṣe tẹni dùn ju oyin lọ. Mò ń gbé e mì. Nígbà tó pẹ́, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé owó mi ni. Àgbàyà! Ìyá yín á ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dà á wà nínú irun rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, níbo lowó rẹ ń gbà lọ? Màámi nìkan ló ń gbé ilé yìí ró." Á wò mí, á rẹ́rìn-ín, á lọ fọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló di ìjà. Bàbá yín ní olè ni ìyá yín, ó ní ó ń kọ́lé síbòmíràn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá mi. Gbólóhùn kan péré látẹnu mi ì bá parí rẹ̀. Mo fa aṣọ borí.

Wọ́n pínyà, ó wá ku bí wọ́n ṣe máa pín ilé. Ní kóòtù, ohun tí kálukú san fún báǹkì ni wọ́n ń wò. Agbẹjọ́rò ọmọ mi ní ìyàwó kò san nǹkan kan fún ọdún méjì. Adájọ́ kọjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ san owó yẹn?" Ẹ̀yin ọmọ, ibí yìí ló burú jù. Mo rántí yàrá mi tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá pín in dọ́gba, wọn á tà á, níbo ni màá forí lé? Mo rò ó pé ọmọ mi ò ní di ọwọ́ mi mú mọ́. Mo ti búra kí n tó sọ̀rọ̀ o. Mo ní, "Èmi ni."

Adájọ́ bi ìyá yín bóyá ó ní èsì. Ó wò mí títí. Ó dá adájọ́ lóhùn pé, "Rárá, mà." Ilé bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún ìyá yín, ó fi gba yàrá kan.

Mo sáré bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Màámi, ilé ni mo pàdánù. Bí mo bá tú àṣírí náà, ìyá ni ọmọ yín máa pàdánù. Ilé ṣì ṣeé rí rà." Ó tún ìborùn mi ṣe, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí àìsàn tó ṣe mí tí kò wá wẹ̀ mí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé bàbá yín fẹ́ ta ilé, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó fọwọ́ bojú. "Màámi, mo pè é lólè." Lẹ́yìn náà ló ní ìdajì owó ilé di ti ìyá yín. Ó ní, "Ìyẹn lèmi lè dá padà. Èyí tí ẹ fi ẹnu yín gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ fẹnu yín dá a padà."

Ìyàwó mi, ẹni tó sàn jù mí lọ, mo dá a padà níwájú àwọn ọmọ rẹ. Gba owó náà, má ṣàánú mi. Mo sì bẹ̀ ọ́, kí o tó dárí jì mí, kọ́kọ́ bínú sí mi. Jókòó tì mí, kí o bú mi tẹ́rùn bí obìnrin tí wọ́n rẹ́ jẹ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí lo ti ń dákẹ́ fún mi, ìdákẹ́ yẹn ti wúwo ju ohun tí egungun mi lè gbé lọ.