Bátìrì Tí Ọkọ Mi Fi Búláńkẹ́ẹ̀tì Bò

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n máa fi ọ̀pá fa ọkọ mi kiri ìgboro Jos, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi ṣe Halelúyà! Èyí ò tíì tó o. Ẹ hẹn-ẹ́n, ó tó báyìí.

Ẹ mọ ọkọ mi, Tíṣà. Ọmọ Èkìtì ni, tó bá ti di nǹkan mú, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì mọ́tò, ọ̀rọ̀ bátìrì ló gbalé wa kan ní Jenta Adamu. Àwọn yòókù a máa gbé tiwọn lọ fáwọn tó ń ṣáàjì ní gáréèjì. Tíṣà ní rárá, wọ́n á pààrọ̀ tòun. Ó ra ṣájà, inú pálọ̀ ló ti ń ṣe é. Tí ọyẹ́ bá wá dé, ẹ̀yin náà mọ òtútù ìlú yìí, á ti fèrèsé pa, á fa búláńkẹ́ẹ̀tì mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi bo bátìrì. Ó ní tí òtútù bá mú un, iná ò ní wọ̀ ọ́. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, èwo nínú wa gan-an ni ìyàwó?" Ó ní kí n lọ gbé tíì wá.

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n mú iná lọ. Pálọ̀ ṣókùnkùn. Tíṣà fẹ́ mọ̀ bóyá bátìrì ti kún, torí tó bá ti kún, omi inú ẹ̀ á máa hó. Ó ṣí búláńkẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣá ìṣáná.

Yéè! Ó dún gbàù! Àṣé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì ti kún abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, òun ni ìṣáná ràn. Ásíìdì tú sí i lójú méjèèjì. Ọkọ mi ké, "Ojú mi o! Mi ò ríran mọ́!" Mo sáré débi dúrọ́ọ̀mù omi, ó ti gbẹ kanlẹ̀. Ẹ̀rọ àdúgbò náà ò yọ omi látìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ẹnì kan ti gbé epo pupa wá, ó ní ká fi kùn ún. Ìyá Làmí, aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa, gbá a lọ́wọ́: "A'a! Ruwa! Omi ni kẹ́ ẹ wá!" Omi dà? Mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo ní, "Jésù, ojú yìí ló fi ń kọ́mọ ọlọ́mọ níwèé. Omi ni mò ń tọrọ, mi ò tọrọ wúrà."

Ẹ gbọ́ o. Mai ruwa tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi kiri, tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi tí oòrùn bá mú, òun ló yọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn! Oníbàárà míì ló ń gbé omi lọ fún. Ó ní, "Wayyo Allah, Malam!" Kò bèèrè nǹkan kan. Ó gbé garawa, ó ń dà á sí i lójú. Ìyá Làmí di orí ẹ̀ mú, èmi ń fọwọ́ la ojú ẹ̀. Wọ́n dà á títí kẹ̀kẹ́ fi ṣófo, ká tó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní omi yẹn pẹ́ díẹ̀ ni, ojú ti lọ.

Wọ́n di ojú ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tí mi ò bá ríran mọ́ ńkọ́?" Mo ní màá máa kàwé fún un. Mo jáde, mo lọ sunkún lẹ́yìn wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u, mo dúró tì í. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, irú gèlè wo lo wé yìí? Ṣé ìjà lo jà ni?"

Mo bú sẹ́kún! Lóòótọ́, gèlè yẹn wọ́. Ẹ̀yin ará, ọkọ mi bú gèlè mi, inú mi dùn dé ìsàlẹ̀! Bàbá Bọ́lá, dìde jàre. Yíjú síbí, kí wọ́n rí ojú tí Jésù dá dúró. Ẹ bá mi jó o, ẹ bá mi fògo fún un, kí Bàbá Bọ́lá máa fojú ara ẹ̀ wò wá bá a ṣe ń jó!