Ọjọ́ Kan Tí Mo Jí Nínú Ọjọ́ Márùn-ún

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ gan-an, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà olú ilé-iṣẹ́ panápaná ní Stanbeck, mo ń fi ìṣó kéékèèké kan ìwé ìpè ìpàdé mọ́ pátákó ìkéde. Aago ṣọ́ọ̀ṣì dún. Gbogbo ènìyàn dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú méjì, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún ní ìrántí àwọn tó kú sójú ogun. Èmi náà dúró, ìṣó kẹta wà láàárín ìka mi. Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Hannah Whitlock ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà ni mo sẹ́ níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, sísẹ́ tí mo sẹ́ ẹ ló sì pa á. Ẹ̀yin ará Hawkscar, ó ti di ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Dókítà sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní lè la ìgbà òtútù yìí já. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nígbà tí mo ṣì lè di kálámù mú.

Edwin Garside ni mí. Èmi ni akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Panápaná àti Ìdóòlà fún àgbègbè wa fún ọdún méjìlélógún. Ìgbìmọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba ìlú, kì í sì í ṣe àwọn panápaná fúnra wọn. Òfin ló dá a sílẹ̀ láyè ara rẹ̀: ó lè ní ilé, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, ènìyàn sì lè pè é lẹ́jọ́. Kánsẹ́lọ̀ mọ́kànlélógún ló jókòó síbẹ̀. Ìlú Stanbeck yá a ní mẹ́sàn-án, àgbègbè yá a ní méjìlá. Àwọn ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ panápaná yóò wà àti ibi tí kò ní sí. Nítorí pé agbára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òfin de ọwọ́ wọn: wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìpàdé àfi bí ìwé ìpè bá ti wà lójú pátákó fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kí ará ìlú lè rí i. A kì í ka ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. A kì í ka ọjọ́ ìpàdé. A kì í ka Àbámẹ́ta àti Àìkú. Bí ọjọ́ kan bá dín, ìpàdé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá dìbò lé lórí níbẹ̀ kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń ka ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́.

Mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ibẹ̀ ni ó ti ń dùn mí jù. Ní ìgbà òtútù ọdún 1979, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ lójúmọmọ, mo sì ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ alẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé àti òfin ìpàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Máìlì méjì ààbọ̀ ni mo ń fi ẹsẹ̀ rìn, àtẹ̀lẹsẹ̀ bàtà òsì mi sì ti là, páálí ni mo fi tẹ́ inú rẹ̀. Mo ṣubú lórí yìnyín, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kán, mo sì fi ọwọ́ òsì kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, ya òpó ọgbà mẹ́fà sójú pátákó. Ó ní, “Garside, mélòó lo rí?” Mo ní mẹ́fà. Ó ní, “Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ yóò fi bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Òpó kọ́ ni kí o kà. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni. Márùn-ún.” Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo búra pé n kò ní ṣì í kà mọ́ láéláé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2011 yẹn, ni ìpàdé náà. Ohun tó wà nínú ìwé ìpè ni títi ilé panápaná Hawkscar pa. Ilé kékeré tí gbogbo yín mọ̀ yẹn ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ará abúlé, aṣebúrẹ́dì, olùṣọ́ àgùntàn, mẹkáníìkì, tí wọ́n ń sáré fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ìpè bá dún. Mo fi ìka kà á: Ẹtì, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún pé. Mo ti ka òpó àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ tí mo kan ìwé náà gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí pé a tẹ̀lé òfin, mo tún un kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó yẹ kí n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá.

Mo gba ọ́fíìsì alága lọ, Kánsẹ́lọ̀ Rodney Askham. Ó ń jẹ bisikíìtì. Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní, “Alága, a ní láti tún ìpàdé pè ni. Inú oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé e.” Ó gbọn èérún kúrò lára táì rẹ̀. Ó ní, “Oṣù kejì kẹ̀? Edwin, ṣé orí rẹ pé? Àwọn kánsẹ́lọ̀ méjì tí kò fẹ́ kí a ti ibẹ̀ pa ń lọ fún iṣẹ́ abẹ àti ìgbéyàwó ọmọ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá di oṣù kejì, wọ́n á ti padà dé.” Mo ní òfin ni. Ó ní, “Òfin, òfin! Ìwọ tí o máa ń dá gbogbo wa dúró nítorí kọ́mà! Inú wọn á dùn tí wọ́n bá gbọ́ pé Garside ò mọ ení, èjì kà mọ́. Kì í ṣe èmi ni wọ́n máa pè ní aláìmọ̀ṣẹ́ o.” Ó wò mí títí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ta ló rí ọ? Èmi ò fẹ́ rí ọjọ́ kọkànlá lórí ìwé yẹn. N ò sọ pé kí o ṣe nǹkan kan o. Mo ní n ò fẹ́ rí i ni.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gíláàsì pátákó wà.

Mo padà sí tábìlì mi, mo sì mú òǹtẹ̀ ọjọ́. Ó ní kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré tí a fi ń yí òǹkà. Mo yí i kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró sórí ẹẹ́wàá. Mo lù ú sórí ìwé tuntun, mo fi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lójú pátákó, mo sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. N kò ya ìwé àkọ́kọ́ dànù. Mo fi í pamọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ mi. Títí dòní n kò mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀. Hannah Whitlock, ará Hawkscar, dìde pẹ̀lú ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé yẹn. Aṣọ fèrèsé ló ń rán, kò kàwé òfin, ṣùgbọ́n ó ti ka àwọn ọjọ́ náà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo wá síbí ní Ọjọ́bọ̀, pátákó yín ṣófo. Mo tún wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé yìí ló ń kan ìwé náà nígbà tí aago dún. Ìṣó méjì ló ti kàn, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ wọn. A jọ dúró ni. Mi ò lè gbàgbé, ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè dákẹ́ ni.” Kánsẹ́lọ̀ kan láti ẹ̀yìn ní, “Bóyá ìdákẹ́jẹ́ ló mú kẹ́ ẹ sùn lọ, ìyáàfin, tẹ́ ẹ wá lá àlá ìṣó!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló ń wò. Alága ní, “Akọ̀wé, kí lẹ rí sí i?” Mo dìde.  Mo ní, “Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá, ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, alága. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tí ìyáàfin yìí rí lọ́jọ́ Ẹtì ni pé mò ń tún un kàn, ìṣó kan ló já.” Hannah ní, “Ọ̀gbẹ́ni Garside, ẹ wo ojú mi kẹ́ ẹ tún un sọ.” Mo wo ojú rẹ̀. Mo sì tún un sọ.

Wọ́n dìbò. Mẹ́wàá gbà, mẹ́sàn-án kọ̀. Nígbà tí a ń tú ká, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, “Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀. Àwa méjì la jọ mọ̀ ọ́n.” Kò pariwo rárá. Láti ìgbà yẹn lọ, bí fóònù bá dún, mo máa ń ní kí ẹlòmíràn gbé e. Bí mo bá rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lójú pópó, mo máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù tí n kò ní nǹkan tí mo fẹ́ rà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n wa ọkọ̀ panápaná yín lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, ní agogo méjì ọ̀sán, iná mú aṣọ lórí àkàsọ̀ ilé Hannah. Òkè ló wà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ilé panápaná Hawkscar sí ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ láti Stanbeck gbà.

Wọ́n gbé ìròyìn náà wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan kú ní Hawkscar, wọ́n ní. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó burú jù lọ, tí n kò tíì sọ fún ènìyàn kankan, títí kan ìyàwó mi kó tó kú: ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé ẹlẹ́rìí mi ti lọ. Ara tù mí. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ara tù mí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bì sínú agbada ìfọwọ́.

Mo lọ síbi ìwádìí ikú náà, mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọkọ rẹ̀, Alec, jẹ́rìí. Mẹkáníìkì ni, ó sì ti ṣe panápaná fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ní, “Mo rí èéfín látibi iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ni. Mo sáré lọ sí ilé panápaná. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ síbẹ̀, sà. Mo fa ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè é. Mo wo inú fèrèsé, ibi tí ọkọ̀ máa ń wà ṣófo. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí.” Adájọ́ bi í bóyá ó fẹ́ omi. Ó ní rárá. Ó ní, “Hannah ti sọ fún mi pé akọ̀wé yẹn purọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ènìyàn lè ṣèèṣì rí nǹkan. Mi ò gbà á gbọ́.” Mo jókòó síbẹ̀ títí gbogbo ènìyàn fi jáde.

Láti ọdún yẹn, bí aago bá dún ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, tí gbogbo ayé dákẹ́, mo máa ń rí ìṣó kẹta láàárín ìka mi, mo sì máa ń gbọ́ pé ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kì í lè wo ẹ̀gbẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ni fún ẹlòmíràn. Tèmi kì í parí.

Ọ̀gbẹ́ni Whitlock, òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Ìwé àkọ́kọ́ náà nìyí, tòun ti òǹtẹ̀ ọjọ́ kọkànlá, ihò ìṣó mẹ́ta wà lára rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Mo bẹ̀ yín, bí kò bá ṣeé ṣe fún yín láti dárí jì mí, ẹ ṣáà jẹ́ kí gbogbo abúlé mọ̀ pé kò sùn, kò sì lá àlá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe akọ̀wé níbikíbi tí a ti ń fi òfin ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn, bí ẹ bá ṣì í kà, ẹ sọ pé ẹ ṣì í kà. Wọn á fi yín rẹ́rìn-ín dọ̀sán, yóò sì tán.

Ọjọ́ kan ni mo jí. Hannah Whitlock jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ilé panápaná Hawkscar kò tún ṣí mọ́.