Mo Kọ́ Ọmọ Mi Láti Máa Dáhùn Pé "Àlàáfíà Ni"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi, mi ò sì lè gbé e mọ́. Mo parọ́ mọ́ olùkọ́ kan, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ bíbí inú mi. Ohun tí mo rí lára ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Manigri ni mò ń gbé. Ọkọ mi wáṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà. Nígbà tó yá, kò pè wá mọ́. Ojú tì mí, mo wá ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ó ń kí wọn. Mo rò pé Ràmátù, ọmọ mi ọdún mẹ́jọ, kì í gbọ́ nígbà tí mo bá ń sunkún nínú yàrá.

Mètírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìyẹn olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, máa ń bi àwọn ọmọ láràárọ̀ pé báwo ni inú wọn ṣe rí. Ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí àwa òbí náà máa bi wọ́n nílé. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ráyè ìyẹn nígbà tí iṣu ń dúró deni lóko?

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yà kí wa.

"Ràmátù, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Rárá, Bàbá. Bàbá mi ò pè wá mọ́. Màmá ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ta ní ń dáhùn ìkíni bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń ṣàìsàn pàápàá á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Mètírẹ́ẹ̀sì wọn ló ń kọ́ wọn nírú irọ́ báyìí." Ọmọ náà wò mí. Mo gbá a létí.

Níbi ìpàdé àwọn òbí, mo dìde, mo ní obìnrin náà ń fi ẹnu àwọn ọmọ wádìí àṣírí ilé wa. Àwọn kan bá mi pariwo. Dìrẹ́tẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé, ní kó jáwọ́ nínú ìbéèrè àràárọ̀ yẹn. Kò pẹ́ tó fi kúrò. Wọ́n ní Pénéssoulou ló wà báyìí.

Èyí tó burú jù nìyí. Ràmátù sunkún wálé, ó bi mí pé kí ló dé tí mètírẹ́ẹ̀sì fi lọ. Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní, "Ẹnu rẹ ló lé e lọ." Ẹ jọ̀ọ́, inú ló ń bí mi.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí a bá bi í, àlàáfíà ni. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mò ń yangàn pé ọmọ mi ti gbẹ̀kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a sun kajú, mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Mo ti gbọ́wọ́ sókè láti nà án kí n tó rí ọwọ́ ọ̀tún. Epo èèpo kajú, tó máa ń jóni lára, ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti ń ṣomi. Ó ti fi í pa mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún lọ, Màmá."

Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Bassila. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń dùn ún. Ojú mi ló kọ́kọ́ wò.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún Ràmátù pé èmi ni mo lé mètírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ. Bí ẹbí ọkọ mi bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́. Màá wá mètírẹ́ẹ̀sì náà lọ sí Pénéssoulou, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá bẹ ọmọ mi, á ní kò sí nǹkan, inú òun ti yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ jù mí lọ, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ?