Ọ́ìlì Tí Jímọ̀ Kò Gbàgbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún méje, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi, kú ní oṣù tó kọjá. Àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti ní òun ò ní wá. Èmi ni mo fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ irú èyí máa ń yí orúkọ padà. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, orúkọ tí kálukú ń jẹ́ náà ló wà lọ́kàn mi.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Sango, lọ́nà Ilo-Awela. Jímọ̀ ní ọ̀kadà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kó tó rìn. Ọ̀nà Igbesa ló ti ń fi í gbé èrò láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ dé, àwọn ọ̀dọ́ gbé ọ̀kadà tuntun wá. Tí Jímọ̀ bá gbé èrò méjì, tó dé ibi òkè, ọ̀kadà rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á kọjá lára rẹ̀, wọ́n á máa kí i pé ẹ kú ìrìn, bíi pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó wá bá mi pé kí n bá òun sọ ẹ́ńjìnnì náà di ńlá.

Písítìnì tó tóbi fún irú ọ̀kadà yẹn kò sí mọ́. Mo wá a dé Èkó, mo wá a dé Abẹ́òkúta. Níkẹyìn mo rí ti ọ̀kadà mìíràn tó fẹ́ bá a mu, láàárín irin àlòkù. Ó fẹ̀ jù. Kó tó lè wọlé, a ní láti gbẹ́ inú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin tí písítìnì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Kàmọ́rù, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sin ẹ́ńjìnnì yìí, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Mo ní wọ́n á rí i.

Sọ́ńdè tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ló bá mi gbẹ́ ẹ. Ó kìlọ̀ fún mi pé ara irin náà ti fẹ́lẹ́ jù. Mo ní kó ṣáà máa gbẹ́ ẹ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bí ọ̀gá mi, Lásísì, ṣe kọ́ mi níṣẹ́ ni pé tí a bá gbẹ́ búlọ́ọ̀kù tán, a ó fi wáyà gbé e kọ́, a ó fi sípánà kàn án. Tó bá dún gooro, ara rẹ̀ dá. Tó bá dún bíi pé wọ́n lu igi, ó ti sán níbì kan tí ojú kò rí. Ẹni tó ni ọ̀kadà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Mo kọ́kọ́ dán ti Jímọ̀ wò kó tó dé. Ó dún bí igi.

Kò sí búlọ́ọ̀kù mìíràn tó lè wọ̀ ọ́. Tí mo bá sọ òótọ́, ọ̀kadà Jímọ̀ parí nìyẹn, Kàmọ́rù á sì rí mi fi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo ní kó máa gbọ́. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo kan búlọ́ọ̀kù ọ̀kadà ẹlòmíràn, èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Ó dún gooro. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín láti ìta, ó ní, "Lámídì, ọwọ́ rẹ kò ní rọ."

Oṣù méjì ni ọ̀kadà náà fi sáré bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Jímọ̀ ń kọjá lára àwọn ọ̀dọ́, òun náà ń kí wọn kú ìrìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé ìyàwó rẹ̀, Ráfátù, lọ síbi ìkómọ ní Igbesa. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n wà nígbà tí búlọ́ọ̀kù là. Písítìnì há, táyà ẹ̀yìn dúró lójijì. Ráfátù fi orí gbá etí gọ́tà. Múfú àti Gàníyù, ọlọ́kadà bíi ti Jímọ̀, ni wọ́n gbé e. Kò dé ọsíbítù tó fi kú. Ẹsẹ̀ Jímọ̀ ṣẹ́.

Wọ́n gbé ọ̀kadà náà wá kí n sọ ohun tó ṣe é. Èmi nìkan ni mo tú u. Mo rí ibi tó là. Mo jáde sí àwọn ẹbí Ráfátù, Sìdí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun àti Jímọ̀ bí, wà láàárín wọn. Mo ní ẹ́ńjìnnì ló gbẹ. Mo ní Jímọ̀ kò po ọ́ìlì mọ́ epo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Búlọ́ọ̀kù yẹn, mo jù ú mọ́ irin àlòkù tí àwọn tó ń ra irin wá kó lọ.

Sìdí kó kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó lọ sí Alapoti. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí bàbá náà fi kú.

Jímọ̀ gbà mí gbọ́. Èyí ló ń pa mí. Ó máa ń tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó, á ní, "Lámídì, mo rántí pé mo da ọ́ìlì sí i láàárọ̀ yẹn. Mo rántí agolo tí mo fi wọ̀n ọ́n. Àbí ti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń rántí?" Èmi á ní ti ọjọ́ tó ṣáájú ni. Ọdún méje ló fi ń bi mí. Nígbà tí mo lọ wò ó kẹ́yìn lórí àìsàn, kò bi mí mọ́. Ó ní òun ti wá rántí dáadáa, pé òótọ́ ni, òun ò da nǹkan kan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá Sìdí ní Alapoti láti jẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí torí àdúrà yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ ò sì gbè é." Mo mu omi náà, mo dìde, mo padà sí Sango.

Tí n kò bá sọ fún un, á máa kórìíra bàbá tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Tí mo bá sọ fún un, á mọ̀ pé ọdún méje ni òun fi pa aláìṣẹ̀ tì, bàbá tí òun ì bá kúnlẹ̀ bẹ̀ kò sì sí mọ́. Mi ò tiẹ̀ ní irin kankan lọ́wọ́ tí mo lè fi hàn án. Ó lè ní ṣe ni mo fẹ́ fọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi mọ́. Mi ò sì mọ̀ bóyá torí ti Sìdí ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, àbí torí kí èmi lè rí oorun sùn.

Àwọn ará ilé Jímọ̀ ti ní èmi ni kí n dìde sọ irú èèyàn tó jẹ́ lọ́jọ́ àdúrà náà, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Mo ti gbà fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ohun tí irú mi lè sọ níbẹ̀, kó sọ fún mi.