Àga Tí Wọ́n Ní Kí Bọ́sẹ̀ Má Jókòó Sí

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ yìn ín sókè, kí ẹni tó fi ọmọ mi ṣẹ̀sín gbọ́ ọ níbi tó bá wà. Ọlọ́run mi kì í sùn.

Èmi ni ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ṣoko iṣu ní Ìdògún. N ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ níwájú ìjọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ẹnu mi ṣe.

Bọ́sẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé ìjọba. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀ fún káàdì ìlera tó yẹ kó máa gbé owó ìwòsàn rẹ̀. Nígbà tó rọbí, a ò tètè rí mọ́tò. Ọmọ há sí i nídìí títí, ọmọ náà sì kú. A sunkún, a gbà fún Ọlọ́run. Àfi bí ìtọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀. Kì í mọ ìgbà tó ń jáde. Tó bá dìde lórí àga, àga á tutù. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń dí imú. Ó fi ọjà sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní èpè ni.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní, "Dókítà, ṣé èpè ni?"

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Rírọbí tó pẹ́ jù ló dá ihò sí i láàárín ilé ìtọ̀ àti ojú ara. A ó rán an, á sì gbẹ. Ẹ lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó káàdì rẹ̀."

Ẹ ṣé, Olúwa. A wọ mọ́tò, ó di Ọ̀wọ̀. Ọkùnrin kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ló wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì wọn. Bí Bọ́sẹ̀ ṣe fẹ́ jókòó, ó ní, "Àǹtí, ẹ má jókòó sí àga yẹn. Ẹ máa bà á jẹ́."

Ọmọ mi dúró. Omi ń ṣàn wọnú bàtà rẹ̀.

Mo sọ ohun tí dókítà wí. Ó ní, "Màmá, à ń sanwó ibà, à ń sanwó ẹ̀jẹ̀ ríru. Nǹkan abẹ́ obìnrin ò sí níbẹ̀. Ẹ lọ bá ọkọ rẹ̀."

Èmi arúgbó yìí kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó ń tẹ fóònù. Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá, ẹ ń dí ọ̀nà."

Mo dìde. N ò sunkún. Mo ní, "Olúwa, fi ọkùnrin yìí lé mi lọ́wọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kó àwọn ìyá àgbà Ìdògún lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń rí nǹkan oṣù mọ́ nínú wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ní agbègbè wa níbí: bí irú wa bá fi ìbínú tú ìró níwájú ọkùnrin lọ́sàn-án gangan, ayé onítọ̀hún bàjẹ́ nìyẹn. A wọ ọ́fíìsì yẹn, mo di ìdí ìró mi mú.

Mo ní, "Ọmọ, ibi tí káàdì yín ò mọ̀ yìí, ibẹ̀ ni ìyá rẹ gbà bí ọ. Ṣé kí n fi hàn ọ́, kí o lè máa dá a mọ̀?"

Ìyá Délé, ọ̀rẹ́ mi, ní, "Tiwa ti hunjọ, àmọ́ kò ní ṣì í mọ̀."

Àwọn tó jókòó sá jáde. Ọkùnrin náà fọwọ́ bojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má tú u!"

Ariwo yẹn ló fa ọ̀gá rẹ̀ jáde láti yàrá inú. Obìnrin ni. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó kọjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ pé a kì í san án? Ṣé wọn ò ka òfin sí yín létí ni, pé dandan ni kí káàdì gbé ìtọ́jú ilé ọmọ àti ìbímọ? Àwọn obìnrin tí o ti dá padà ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ kiri orí tábìlì. N ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run: ó dùn mọ́ mi bí oyin.

Wọ́n gbé àṣẹ jáde, wọ́n sì rán Bọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ lára rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbẹ. Mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ó gbẹ. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó gbé obìnrin dìde fún obìnrin.

Ara rẹ̀ yá tán, mo mú un padà sí ọ́fíìsì yẹn. Mo ní kó jókòó sórí àga ọjọ́sí. Ó jókòó dáadáa. Nígbà tó dìde, mo pe ọkùnrin náà. "Wá fọwọ́ kan ibẹ̀."

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó gbẹ, Màmá."

"N ò gbọ́."

"Ó gbẹ, Màmá!"

Ó bá dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Dìde, o ń dí ọ̀nà."

Àlùfáà wa ti ní kí n dárí jì í. Mo gbọ́, sà. Ẹ máa bá mi gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n ẹ má kán Ọlọ́run lójú.

Ìwọ obìnrin tí omi ń dà lára rẹ, tí o ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe èpè. Wọ́n ń rán an. Bí ẹnikẹ́ni bá ní káàdì rẹ ò mọ̀ ọ́n, má dá lọ. Wá mi wá sí Ìdògún. Ìró mi ṣì wà nídìí mi.

Bọ́sẹ̀ ló wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Bọ́sẹ̀, dìde. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í, ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ kí ẹ sọ fún ìjọ.