Ẹrẹ̀ Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́, dókítà sì ti sọ ohun tó sọ. Bàbá yín ti lọ, èmi nìkan ni mo kù tó mọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wò lábẹ́ oko ìṣáwùrú bàbá yín, níbi tí a ti ń sin ẹran oníkarahun yẹn lára okùn nínú omi. Àwọn ìṣáwùrú tó so mọ́ okùn ń jẹun, wọ́n ń yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bó bá mọ níwọ̀n, oúnjẹ ni fún ilẹ̀ òkun. Bó bá pọ̀ jù, tí omi ò sì ṣàn dáadáa, á jẹrà, á gba atẹ́gùn inú omi tán, gbogbo ohun tó ń gbé inú ẹrẹ̀ á kú. Ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹrẹ̀ tí mo fà sókè dúdú bí èédú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kò sí ekòló kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo bu ú sínú ìgò, mo gbé e lọ bá bàbá yín níbi tí wọ́n ti ń fọ ìṣáwùrú. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára dé e padà. Ó ní, "Àbúrò, bí ìjọba bá rí èyí, wọ́n á ní ká tú gbogbo okùn. Ṣé ìwọ lo máa lé ogójì èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́?" Òun ló tọ́ mi dàgbà. Mo ti ń sọ fún ara mi látìgbà náà pé mi ò lè wojú rẹ̀ kí n kọ̀. Irọ́ ni o. Mo lè kọ̀. Ó kàn rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà ni. Mo tukọ̀ lọ síbi tí omi ti ń ṣàn geere, mo bu ẹrẹ̀ tó mọ́ sínú ìgò, mo kọ orúkọ oko wa sí ìgò náà lára, mo fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Apẹja kan ń dẹ akàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, Bàbá Alákàn là ń pè é. Akàn ò wọ pańpẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó ṣí fìlà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Nǹkan kan ń pa wọ́n." Mo ní, "Bàbá, mo ti wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́!

Lọ́dún kẹrin, ooru mú, omi dúró sójú kan, ẹja kú bo etíkun. Ẹnì kan ní Bàbá Alákàn ló da oògùn sómi. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja pípa pè mí. Wọ́n ní ṣé abẹ́ oko wa ni ohun tó pa ẹja ti wá, mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé oògùn lè ṣe é. Mo ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀." Bàbá náà wò mí, kò bínú, ó kàn ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi, bí ẹni pé "àmọ́" kan ṣì ń bọ̀. Mo jókòó. Wọ́n gba ìwé ìpẹja rẹ̀, àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Olóògùn. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, níbi tí kò ti sí omi rárá, ibẹ̀ ló kú sí.

Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ yẹn, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ìyá, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọmọ, okùn yín ṣì wà lójú kan náà. Ẹ sún wọn lọ síbi tí omi ti ń ṣàn, ilẹ̀ yẹn á sàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tìtorí èèyàn yín purọ́ bí mo ṣe ṣe. Ìwé tí mo kọ gbogbo òótọ́ yìí sí, tí mo sì fọwọ́ sí, rèé, ẹ gbé e fún ìgbìmọ̀ lọ́la. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá sọ tiwọn.